“Ta ló ń rí ohun tí mò ń kọ yìí?”: Ìbéèrè àti ìdáhùn lórí áàpù tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò

Ìbéèrè: Áàpù tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń jọ kọ ìwé la ṣe. Gbogbo àwa tí a ṣe é la mọ̀ ọ́n lò dáadáa, síbẹ̀ àwọn òǹlò ń ráhùn pé ó rú àwọn lójú. Ṣé wọn ò ka ìtọ́sọ́nà tí a kọ ni, àbí àwa la ṣì í ṣe?

Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó kọ́lé kì í forí gbá ògiri rẹ̀ lóru, nítorí òun ló mọ ibi tó fi ilẹ̀kùn sí. Torí náà, pé ẹ̀yin mọ̀ ọ́n lò kì í ṣe ẹ̀rí pé ó rọrùn. Ní ti ìtọ́sọ́nà, kò sẹ́ni tó máa ń kà á nígbà tí iṣẹ́ bá ń lé e.

Ohun kan tún wà tó mú irú áàpù yìí le ju àwọn tó kù lọ. Bí mo bá ń dá kọ ìwé mi, kò ju kí n mọ ibi tí iṣẹ́ mi wà, kí n sì mọ̀ pé kò ní sọnù. Bí a bá di márùn-ún nínú ìwé kan náà, ìbéèrè mìíràn á yọjú. Ta ló ń rí ohun tí mò ń kọ báyìí? Bí mo bá pa gbólóhùn yìí rẹ́, ṣé lójú gbogbo wa ló parẹ́, àbí lójú tèmi nìkan? Ṣé ọ̀gá mi á gba ìfitónilétí pé mo fọwọ́ kàn án? Áàpù kì í sábà dáhùn. Ohun tí ẹlòmíràn á wá ṣe ni pé á da ìwé náà kọ sínú fáìlì tirẹ̀, á tún un ṣe níbẹ̀ ní kọ̀rọ̀, á sì fi ránṣẹ́ lórí ímeèlì. Ẹ lè rò pé ojú ló ń rú u. Ẹ̀rù ló ń bà á. Irú ọ̀nà ẹ̀bùrú bẹ́ẹ̀ ló yẹ kí ẹ kọ́kọ́ máa wá tí ẹ bá ń ṣèwádìí.

Ìbéèrè: Ṣé a ò kàn lè bi àwọn òǹlò pé kí ni wọ́n ń fẹ́?

Ẹ lè bi wọ́n, wọ́n á sì dá yín lóhùn: wọ́n á ní kí ẹ fi bọ́tìnnì kan kún un. Bẹ́ẹ̀ lẹ ó ṣe máa fi kún un títí ojú ìwé á fi kún fọ́fọ́.

Ó sàn kí ẹ wo ọwọ́ wọn. Ẹ gbé iṣẹ́ kan fún ẹnì kan, kí ẹ ní kó máa sọ ohun tó ń rò jáde bó ti ń ṣe é. Ọjọ́ ọgbọ́n yìí ti pẹ́; Clayton Lewis kọ nípa rẹ̀ ní ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà IBM lọ́dún 1982. Ẹ ṣọ́ bí ẹ ṣe máa gbé iṣẹ́ náà kalẹ̀ o. Bí ẹ bá ní, “Ẹ fi bọ́tìnnì Share pín ìwé yìí,” ẹ ti sọ ìdáhùn fún un. Ẹ ní, “Ẹnì kan fẹ́ ka ìwé yìí, ṣùgbọ́n ẹ ò fẹ́ kó lè yí ohunkóhun padà nínú rẹ̀.” Lẹ́yìn náà, ẹ pa ẹnu mọ́. Ibẹ̀ ló le jù. Bó bá ń tẹ ibi tí kò yẹ kó tẹ̀, ọwọ́ yín á máa yún yín láti tọ́ka. Ẹ káwọ́ gbenu.

Ìbéèrè: Ènìyàn mélòó ló tó?

Jakob Nielsen, olùwádìí lórí bí ẹ̀rọ ṣe rọrùn láti lò, kọ ọ́ lọ́dún 2000 pé ènìyàn 5 ti tó fún ìdánwò kan. Ìṣirò tí òun àti Thomas Landauer ṣe lọ́dún 1993 ló gùn lé: ẹnì kan máa ń tú nǹkan bí ìdá 31 nínú 100 ìṣòro tó wà níbẹ̀ síta, àwọn 5 á sì tú nǹkan bí ìdá 85. Ìdá 31 yẹn kò ju ìpíndọ́gba àwọn iṣẹ́ tí wọ́n yẹ̀ wò lọ, ẹ má sọ ọ́ dòfin. Fún áàpù tiyín, ẹ ka ẹni tó ni ìwé, ẹni tó ń tún un ṣe àti ẹni tó kàn ń kà á sí ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹ sì fi ènìyàn méjì tàbí mẹ́ta sínú ìwé kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, kálukú ní yàrá tirẹ̀, torí ẹni tó dá jókòó kò lè fi àìgbọ́ra-ẹni-yé hàn yín.

Ìbéèrè: Orúkọ tí a fún àwọn bọ́tìnnì ń dá ìjà sílẹ̀ láàárín wa. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀?

Kò sí nínú yín. Lọ́dún 1987, Furnas, Landauer, Gomez àti Dumais tẹ ìwádìí kan jáde lórí ọ̀rọ̀ tí ènìyàn máa ń fi pe nǹkan. Bí ènìyàn méjì bá dá sọ nǹkan kan náà lórúkọ, nínú ìgbà 100, kò tó 20 tí ọ̀rọ̀ wọn máa ń bá ara mu. Mo ti jókòó sí irú ìpàdé yín yẹn rí, wákàtí méjì gbáko lórí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, a ò sì bi òǹlò kankan. Ẹ lọ wo ọ̀rọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sínú àpótí ìṣàwárí àti èyí tí wọ́n fi ń bẹ̀bẹ̀ fún ìrànlọ́wọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orúkọ bọ́tìnnì han ẹni tí kò lo áàpù yín rí, kí ẹ bi í kó tó tẹ̀ ẹ́ pé, “Kí lẹ rò pé á ṣẹlẹ̀?”

Ìbéèrè: Láti mú un rọrùn, ṣé ká máa yọ nǹkan kúrò ni?

Nígbà mìíràn, ẹ ó fi kún un ni. Ẹ wo Git, tí Linus Torvalds dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, tí àwọn tó ń kọ kóòdù fi ń pa iṣẹ́ wọn pọ̀. Àṣẹ kan wà nínú rẹ̀, git checkout, tó ń gbé ènìyàn láti ẹ̀ka iṣẹ́ kan bọ́ sí òmíràn. Àṣẹ yìí kan náà ló tún ń dá fáìlì padà sí bó ṣe wà tẹ́lẹ̀, tó sì lè gbá àtúnṣe tí ẹ ò tíì fi pamọ́ dànù láì bi yín léèrè. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, nínú ẹ̀dà 2.23, wọ́n pín in sí méjì: git switch fún ẹ̀ka, git restore fún fáìlì. Àṣẹ pọ̀ sí i, ṣùgbọ́n iṣẹ́ kálukú hàn lójú orúkọ rẹ̀. Wọn ò pa ti àtijọ́ rẹ́, torí ó ti mọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ́wọ́.

Santiago Perez De Rosso àti Daniel Jackson ní yunifásítì MIT tilẹ̀ wá gbòǹgbò rẹ̀. Wọ́n lọ ka ìbéèrè tí àwọn òǹlò Git ń béèrè lórí Stack Overflow, ìkànnì tí àwọn tó ń kọ kóòdù ti ń bi ara wọn léèrè, wọ́n sì rí i pé ìṣòro náà jinlẹ̀ ju orúkọ àṣẹ lọ: àwọn èrò kan tí Git dúró lé kò bá iṣẹ́ tí ènìyàn fẹ́ fi í ṣe mu. Wọ́n tún ṣe Gitless, ìyẹn Git tí wọ́n tún tò, tí kò ní ibi ìdúró tí Git ń kọ́kọ́ kó àtúnṣe sí kó tó fi wọ́n pamọ́. Ìbéèrè tí àwọn òǹlò yín ti ń kọ ránṣẹ́ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kí ìdajì ìwádìí yín ti wà níbẹ̀ tí ẹ ò tíì kà á.

Ìbéèrè: A ti ṣe gbogbo èyí fún kàlẹ́ńdà àjọlò wa. Kò rú ẹnikẹ́ni lójú mọ́, síbẹ̀ wọn ò lò ó.

Olùwádìí kan, Jonathan Grudin, ti kọ nípa irú èyí lọ́dún 1988. Bí kàlẹ́ńdà bá fẹ́ fúnra rẹ̀ wá àsìkò ìpàdé, gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ máa kọ ètò ọjọ́ wọn sínú rẹ̀. Ta ló ń jẹ àǹfààní rẹ̀? Ẹni tó ń pe ìpàdé. Àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́ fún un lọ́fẹ̀ẹ́, ìpàdé sì ni èrè wọn! Nígbà tí ẹ bá tún jókòó ti òǹlò, ẹ má bi í bóyá ó yé e. Ẹ bi í pé nínú ohun tó kọ síbẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, èwo ló wúlò fún òun fúnra rẹ̀.