Kí ni ìṣó ń wá lọ́rùn ajá?

Ìbéèrè: Mo rí bẹ́líìtì ọrùn ajá kan tí ìṣó ṣóńṣó yọ yí i ká. Ṣé kí ajá lè máa dẹ́rù ba èèyàn ni wọ́n ṣe ń kan ìṣó mọ́ ọn?

Ìdáhùn: Fáàrí ló pọ̀ nínú rẹ̀ lóde òní. Ajá tó ń sùn sórí àga ní pálọ̀, ìkookò wo ló fẹ́ bá a jà? Ìkookò gan-an sì ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Bó bá kọ lu ajá tó ń ṣọ́ àgùntàn, ọrùn ló máa ń wá. Bó bá ti rí ibẹ̀ dì mú, ìjà parí nìyẹn.

Àwọn darandaran Róòmù ti mọ̀ bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Varro, ọ̀mọ̀wé wọn kan tó kọ̀wé nípa iṣẹ́ àgbẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 37 ṣáájú ìbí Jésù, pe irú bẹ́líìtì yìí ní melium. Awọ tó le dáadáa ni wọ́n ń gbá ìṣó olórí mọ́, wọ́n á wá rán awọ rírọ̀ sí ìdí orí ìṣó kí irin má baà dá ajá lápá lọ́rùn. Varro ní bí ìṣó bá ti gún ìkookò lẹ́ẹ̀kan, àwọn ajá tí kò tiẹ̀ wọ nǹkan kan bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn. Ní Tọ́kì, àwọn darandaran ṣì ń fi onírin sọ́rùn ajá Kangal.

Ìbéèrè: Ṣé Róòmù ló bẹ̀rẹ̀ bẹ́líìtì ọrùn ajá ni?

Ìdáhùn: Ó tì o. Íjíbítì ti ń ṣe é ní ohun tó lé lẹ́gbẹ̀rún ọdún ṣáájú Varro. Lọ́dún 1899, Victor Loret, onímọ̀ nípa Íjíbítì àtijọ́, ṣí ibojì ìjòyè kan tó ń jẹ́ Maiherpri, ó sì bá bẹ́líìtì ajá méjì tí wọ́n fi awọ ṣe níbẹ̀. Wọ́n ya ẹṣin sára ọ̀kan. Wọ́n kọ orúkọ ajá, Tantanuit, sára ìkejì. Abo ni.

Ìbéèrè: Orúkọ ajá náà ni kí n kọ sára ti tèmi? Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo wà.

Ìdáhùn: Tìrẹ ni kó o kọ, àti àdírẹ́sì rẹ. Òfin ọdún 1992 ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ajá tó bá jáde sí ìgboro. Ṣíìpù, ìyẹn nǹkan tíńtín tí wọ́n ń fi sábẹ́ awọ ajá kí wọ́n lè mọ ẹni tó ni ín, tí wọ́n sọ di dandan lọ́dún 2016 kò pa òfin yẹn rẹ́. Ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń ka ìyẹn, ẹni tó bá sì pàdé ajá rẹ lójú títì kò ní ẹ̀rọ náà lọ́wọ́.