Bàtà Kọ́ Ni Ẹ̀bùn Alẹ́ Ìṣíde fún Ọmọkùnrin Tí Ó Ń Jó Ballet

Kò sí ìgbà tí ọmọkùnrin kan láàárín ẹbí bá fẹ́ gun orí ìtàgé láti jó ballet, ijó orí ìtàgé àwọn òyìnbó, fún ìgbà àkọ́kọ́, yálà ní Gbọ̀ngàn Àṣà tí ó wà ní Mọ́kọ́lá, n'Ìbàdàn, tàbí ní gbọ̀ngàn ilé-ìwé kan ní Bódìjà, tí ẹnì kan kò ní sọ pé òun ti mọ ẹ̀bùn tí òun máa rà fún un: bàtà. Kì í ṣe bàtà lásán o, bàtà tí orí rẹ̀ le gbagidi, tí ó ní okùn sátíìnì gígùn tí wọ́n ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀, irú èyí tí gbogbo wa ń rí nínú àwòrán. Ìgbàgbọ́ tí ó wà nídìí ọ̀rọ̀ náà ni pé gbogbo ẹni tí ó bá ń jó ballet, àtọkùnrin àtobìnrin, ní ń dúró lórí ṣóńṣó ìka ẹsẹ̀, àti pé bàtà yìí ni irinṣẹ́ wọn bí abẹ́rẹ́ ṣe jẹ́ irinṣẹ́ télọ̀. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́.

Èmi kò ní fi àkókò ṣòfò lórí àwọn tí ó ń bèèrè bóyá ijó ballet tilẹ̀ yẹ ọkùnrin. Ọba Louis Kẹrìnlá ti ilẹ̀ Faransé, ẹni tí ó dá ilé ẹ̀kọ́ gíga ijó sílẹ̀ ní Paris ní ọdún 1661, jó fúnra rẹ̀ níwájú àwọn ìjòyè rẹ̀. Ọdún 1681 ni àwọn obìnrin tí wọ́n fi ijó ṣe iṣẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ gun orí ìtàgé Opéra, ilé eré ńlá ìlú náà. Ẹni tí ìyẹn kò bá tẹ́ lọ́rùn, kí ó ka ìtàn Arthur Mitchell, ọkùnrin aláwọ̀ dúdú tí ó wọ ẹgbẹ́ New York City Ballet ní 1955, tí ó sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ oníjó Dance Theatre of Harlem sílẹ̀ ní 1969. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ ni bí wọ́n ṣe ń ṣe bàtà líle náà, èyí tí à ń pè ní bàtà pointe, àti ìdí tí ó fi wà. Wọ́n a to aṣọ líle àti páálí lé ara wọn ní ìpele-ìpele, wọ́n a fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ wọ́n pọ̀ ní ibi tí ọmọ ìka ẹsẹ̀ máa wà, títí orí bàtà náà á fi gan, tí ṣóńṣó rẹ̀ á sì tẹ́ pẹrẹsẹ kí ènìyàn lè dúró lé e. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á ki awọ tàbí páálí líle sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ láti gbé àtẹ́lẹsẹ̀ ró, sátíìnì á sì bo gbogbo rẹ̀. Òógùn àti ìwọ̀n ara ni ó máa ń rọ̀ ọ́, oníjó àgbà sì lè ba bàtà tuntun kan jẹ́ láàárín alẹ́ kan ṣoṣo. Oníjó obìnrin kan, Marie Taglioni, ni ó sọ dídúró lórí ìka di ohun ńlá, nígbà tí ó jó eré ballet La Sylphide ní Paris ní 1832, nínú ipa iwin kan tí kò gbọdọ̀ dà bí ẹni tí ó ní ìwúwo. Bàtà tirẹ̀ kò tilẹ̀ le tó ti òde òní. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ipa iwin àti ẹyẹ ti di ti obìnrin, tí iṣẹ́ ọkùnrin sì jẹ́ kí ó fò sókè, kí ó yí bìrí, kí ó sì gbé obìnrin sókè láìmì. Ẹni tí ó ń fò tí ó sì ń balẹ̀ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá gbé gìgísẹ̀ sókè, iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ ni ó ń dúró lé, kì í ṣe orí èékánná.

Bàtà ọkùnrin oníjó rọ̀. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tàbí kánfáàsì ni, a lè ká a sínú àtẹ́lẹwọ́ kí a sì pa ọwọ́ dé. Awọ ìsàlẹ̀ rẹ̀ lè gùn láti iwájú dé gìgísẹ̀, ó sì lè jẹ́ méjì, kí ọ̀kan wà lábẹ́ iwájú ẹsẹ̀, kí èkejì wà lábẹ́ gìgísẹ̀, kí àárín ẹsẹ̀ lè rí àyè tẹ̀. Ibí yìí gan-an ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bí a bá ti ṣe àlàyé yìí tán, kíá ni ẹni tí ó fẹ́ ra ẹ̀bùn á dáhùn pé, ó dáa, òun á ra èyí tí ó rọ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró ná. Nọ́ńbà bàtà ballet kì í sábà bá nọ́ńbà bàtà ilé-ìwé mu, ó sì yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ aṣebàtà kan sí òmíràn. A sì ní àṣà kan ní Ìbàdàn tí kò burú fún bàtà ilé-ìwé: a máa ń ra èyí tí ó tóbi díẹ̀ kí ọmọ lè fi dàgbà, a ó sì ki òwú sí iwájú rẹ̀. Bàtà ballet kò gba ìyẹn. Ó gbọ́dọ̀ fún mọ́ ẹsẹ̀ pinpin, kí àwọn ọmọ ìka sì nà tán nínú rẹ̀ láìká kò. Bí àyè bá ṣẹ́ kù níwájú, ibẹ̀ ni yóò ṣẹ́ mọ́lẹ̀ nígbà tí ọmọ bá ń yí bìrí, tí yóò sì gbé e ṣubú. Rọ́bà tí ó ń gba orí ẹsẹ̀ kọjá ńkọ́? Lọ́pọ̀ ìgbà, ìgbà tí ọmọ bá wọ bàtà náà sẹ́sẹ̀ ni à ń fi píìnì sàmì sí ibi tí ó máa wà, kí a tó fi ọwọ́ rán an. Okùn kékeré tí ó wà níwájú, a ó fà á títí yóò fi bá ẹsẹ̀ mu, a ó ta á ní kókó, a ó sì ki etí rẹ̀ sínú. Ta ni yóò ṣe gbogbo èyí sára bàtà tí ó wà nínú páálí tí a fi rìbọ́ọ̀nù dì? Ní ti àwọ̀, olùkọ́ ni ó ń pinnu bóyá dúdú, funfun tàbí àwọ̀ ara ni ọmọ yóò wọ̀, ó sì ti pinnu rẹ̀ tipẹ́tipẹ́ ṣáájú alẹ́ ìṣíde. Kò dájú pé oníjó kan tí ó mọ ohun tí ó ń ṣe á bọ́ bàtà tí ó ti mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ sílẹ̀, kí ó wá wọ tuntun ní alẹ́ tí gbogbo ẹbí wá wò ó.

Nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dé ibí, ẹnì kan á yọ fóònù jáde pé òun rí ọkùnrin tí ó dúró lórí ìka. Òótọ́ ni, ó rí i. Ọkùnrin ni àwọn ẹgbẹ́ Les Ballets Trockadero de Monte Carlo, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní New York ní 1974, bàtà pointe ni wọ́n sì fi ń jó ipa obìnrin láti pa òǹwòran lẹ́rìn-ín, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọgbọ́n ẹsẹ̀ wọn kì í ṣe àwàdà. Nínú eré ballet The Dream, tí Frederick Ashton gbé kalẹ̀ ní 1964, ọkùnrin kan tí ń jẹ́ Bottom, tí orí rẹ̀ di ti kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́, ń fi bàtà pointe jó kí ẹsẹ̀ rẹ̀ lè jọ pátákò. Àwọn ọkùnrin orílẹ̀-èdè Georgia (kì í ṣe ti Amẹ́ríkà) náà ń dúró lórí ìka nínú bàtà awọ rírọ̀, ṣùgbọ́n ijó ìbílẹ̀ wọn nìyẹn. Àwọn olùkọ́ kan tilẹ̀ ń jẹ́ kí àwọn ọmọkùnrin tí ó ti gbó díẹ̀ lo bàtà líle kí ọrùn ẹsẹ̀ wọn lè lágbára. Nítorí náà, n kò lè sọ pé ọkùnrin kì í wọ̀ ọ́ láéláé. Ohun tí mo lè sọ ni pé ẹni tí ó bá nílò rẹ̀, olùkọ́ rẹ̀ ni yóò sọ fún un, kì í ṣe àǹtí rẹ̀ tí ó gba Dùgbẹ̀ kọjá ní ọjọ́ Sátidé. Ó sì ń yà mí lẹ́nu pé àwọn tí ó ń fi fídíò ọmọkùnrin ọmọ ọdún 11 tí ó jó nínú òjò ní Èkó ní ọdún 2020 ṣe ẹ̀rí kì í wo ẹsẹ̀ ọmọ náà: kò wọ bàtà kankan.

Kí wá ni kí a rà? Ó jọ pé ohun tí kò ní í ṣe pẹ̀lú ìwọ̀n ẹsẹ̀ ni ó sàn jù, ṣùgbọ́n ọmọ yàtọ̀ sí ọmọ, n kò sì ní fọwọ́ sọ̀yà. Àpò olókùn tí yóò máa kó bàtà rẹ̀ sí wúlò, pàápàá bí a bá fi àdìrẹ Ìbàdàn Dùn rán an, èyí tí wọ́n ya òpó Gbọ̀ngàn Mápó sí nínú aró. Kí a má ṣe fi ọ̀rá tẹ́ inú rẹ̀ o, nítorí bàtà tí ó ti mu òógùn gbọ́dọ̀ rí atẹ́gùn. Abẹ́rẹ́, òwú àti rọ́bà nínú agolo kékeré dára. Ní ti òdòdó, àṣà ọ̀pọ̀ gbọ̀ngàn ijó àtijọ́ ni pé obìnrin ni wọ́n ń gbé e fún lórí ìtàgé, òun náà a sì máa yọ ẹyọ kan fún ọkùnrin tí wọ́n jọ jó. Bí a bá fún ọmọkùnrin tiwa ní odidi ìdì kan lẹ́yìn eré, n kò rí ohun tí ó bàjẹ́. Ẹni tí ó bá sì mú un lọ jẹ àmàlà lẹ́yìn tí ó bọ́ aṣọ ijó ti ṣe tirẹ̀.

Owó nínú àpò-ìwé kò burú, ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe gun orí ìtàgé lọ lẹ owó mọ́ ọn níwájú orí. Bébà lórí ilẹ̀ ijó ń yọ ènìyàn, yàtọ̀ sí pé ìpín 21 nínú Òfin Báǹkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 ka nínáwó bẹ́ẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀ tí ó lè fa ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní oṣù 6, tàbí owó ìtanràn tí kò dín ní 50,000 náírà, tàbí méjèèjì. Bí ẹ bá sì ti ra bàtà líle náà ṣáájú kí ẹ tó ka èyí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ọmọ dán an wò nínú pálọ̀, nítorí egungun ẹsẹ̀ ọmọdé kò tíì le tán, ọrùn ẹsẹ̀ tí kò sì tíì gba ẹ̀kọ́ lè rọ́ kíákíá. Ẹ dá a padà pẹ̀lú rìsíìtì rẹ̀ kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ tó kan sìmẹ́ńtì, torí pé bí ó bá ti dọ̀tí, olùtajà lè má gbà á mọ́.