Èèrà tí kì í bímọ: ta ló ń ṣiṣẹ́ fún?

Ìbéèrè: Ègé dòdò kan já bọ́ lọ́wọ́ mi nílé ìdáná lánàá. Kí n tó yíjú padà, èèrà ti bò ó. Èyí tó yà mí lẹ́nu ni pé wọn ò jókòó tì í kí kálukú jẹ tirẹ̀ yó. Ńṣe ni wọ́n ń wọ́ ọ lọ sílé. Ta ni wọ́n ń ṣiṣẹ́ fún?

Ìdáhùn: Ìyá wọn ni, àti àwọn àbúrò wọn tó ṣì jẹ́ ìdin nínú ihò. Gbogbo èyí tí ẹ rí nídìí dòdò yẹn ló jẹ́ abo, síbẹ̀ wọn kì í bímọ. Ìyá ló ń yé ẹyin. Àwọn ìwé máa ń pè é ní ayaba, àmọ́ kò sí ọba tó fẹ́ ẹ, kì í sì í pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni. Ìyá ni màá máa pè é. Ní ti akọ, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló wá ṣe láyé: á hu ìyẹ́, á fò jáde, á gun abo, á kú.

Ìbéèrè: Kí ló wá rúni lójú níbẹ̀? Ẹni tó bí wọn ni wọ́n ń sìn.

Ìdáhùn: Ó rú Charles Darwin lójú gan-an. Nínú ìwé tí onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè yìí gbé jáde ní 1859, ó ní ẹ̀dá tí ìwà rẹ̀ bá ràn án lọ́wọ́ ló ń bímọ púpọ̀, àwọn ọmọ náà á sì jogún ìwà ọ̀hún. Wàyí o, èèrà tí kò bímọ, ta ló ń jogún iṣẹ́ àṣekára rẹ̀? Darwin fúnra rẹ̀ kọ ọ́ pé nígbà tí òun kọ́kọ́ rò ó, ó dà bíi pé ọ̀rọ̀ yìí á da gbogbo àlàyé òun nù.

Ìbéèrè: Ṣé láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé pọ̀?

Ìdáhùn: Rárá o. Agbọ́n ni baba ńlá wọn, agbọ́n tó ń dá gbé. Ẹ wo agbọ́n tó máa ń fi amọ̀ mọ yàrá tóóró sára ògiri ilé wa. Ẹ fọ́ èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ: aláǹtakùn ló kún inú rẹ̀, wọn ò kú, wọn ò sì lè rìn, torí ìyá agbọ́n ti ta wọ́n. Ẹyin kan lẹ̀ mọ́ ọ̀kan nínú wọn. Ìyá ti dí ẹnu yàrá pa, ó ti bá tirẹ̀ lọ. N ò sọ pé agbọ́n alámọ̀ yìí gan-an ló bí èèrà. Ìgbé ayé adánìkanṣe yẹn ni mo ní kí ẹ wò.

Ó sì ti pẹ́ tí èèrà ti kúrò níbẹ̀. Nínú oje igi tó ti di òkúta ní Myanmar, tó ti tó nǹkan bíi mílíọ̀nù 99 ọdún, wọ́n rí ìyá abìyẹ́ àti òṣìṣẹ́ tí kò níyẹ̀ẹ́. Méjì tiẹ̀ wà tí oje náà ká mọ́ ibi tí wọ́n ti ń jà.

Ìbéèrè: Báwo wá ni adánìkangbé ṣe di ará ìlú?

Ìdáhùn: Iṣẹ́ méjì ló wà lọ́rùn ìyá agbọ́n, yíyé ẹyin àti wíwá oúnjẹ ọmọ; á ṣe tibí, á ṣe tọ̀hún. Àlàyé tó wọ̀ mí létí jù ni pé iṣẹ́ méjèèjì ló pín: ìyá di ti ẹyin mú, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ gba ti oúnjẹ.

Èèrà kékeré kan wà ní Éṣíà tí kò ní ìyá rárá, tó dà bí ẹni pé ó ń fi bó ṣe ṣẹlẹ̀ hàn wá. Gbogbo wọn á yé ẹyin pọ̀. Tí ẹyin bá ti di ìdin, gbogbo wọn á dáwọ́ ẹyin dúró, wọ́n á máa ṣọdẹ. Tí ìdin bá dàgbà, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yé. Àwọn ọmọ iṣẹ́ Daniel Kronauer ní Rockefeller University ní New York rí i pé ìdin gan-an ló ń dá àwọn àgbà dúró: ó ń mú kí nǹkan kan tó jọ ìnsúlínì, èyí tí àwọn alátọ̀gbẹ ń gún, lọ sílẹ̀ nínú ọpọlọ àwọn àgbà. Ní 2018 wọ́n ròyìn pé àwọn gún èèrà ní nǹkan ọ̀hún, ẹyin sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbó nínú rẹ̀ bí ìdin tilẹ̀ wà níwájú rẹ̀.

Ìbéèrè: Kí lèrè ọmọ tó jókòó sílé?

Ìdáhùn: William Hamilton, onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè, dáhùn èyí ní 1964. Àbùdá ni à ń fi lé ìran lọ́wọ́, ọmọ nìkan kọ́ ló sì ń gbé e. Ìdajì àbùdá mi wà lára ọmọ mi. Ìdajì náà ló wà lára ọmọ ìyá mi tí a jọ ní bàbá kan. Ti èèrà tiẹ̀ tún yàtọ̀. Ẹyin tí akọ kò kàn ló ń di akọ, nítorí náà akọ ò ní bàbá, gbogbo àbùdá rẹ̀ ló sì ń kó fún ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan. Bí tẹ̀gbọ́n tàbúrò bá jẹ́ abo, ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ló pa wọ́n pọ̀.

Àwọn ènìyàn pariwo pé ọ̀rọ̀ ti parí. Kò parí. Ìdá kan nínú mẹ́rin péré ló pa abo pọ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀ ọkùnrin; ẹ pa méjèèjì pọ̀, ìdajì náà la tún padà sí. Ikán, ìbátan aáyán, takọ tabo wọn ló ní bàbá, wọ́n sì ń gbé nílùú tó ju ti èèrà míì lọ.

Ohun tó tún ojú ọ̀rọ̀ ṣe ni ìwádìí kan ní 2008 tó fi hàn pé níbi tí èèrà, oyin àti agbọ́n ti bẹ̀rẹ̀ irú ìgbé ayé yìí, akọ kan ṣoṣo ni ìyá ń gbà. Gbogbo ilé jẹ́ ọmọ ìyá, ọmọ bàbá. Bó bá jẹ́ iyèkan lásán ni wọ́n, ìpín ọmọ tó jókòó sílé á kéré ju ti ẹni tó lọ bí tirẹ̀.

Ìbéèrè: Ṣé bẹ́ẹ̀ ni ti ìjàlọ náà?

Ìdáhùn: Ìyá ìjàlọ ń gba akọ púpọ̀, àmọ́ ẹ̀yìn ni èyí wá, nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ ò ti lè gba akọ mọ́. Wọn ò rí ibi padà sí.

Ìbéèrè: Kò wá sí òṣìṣẹ́ tó lè yí padà?

Ìdáhùn: Ó wà. Ní Íńdíà, èèrà kan wà tó ń fò bíi tata. Bí ìyá bá kú, àwọn ọmọ á máa fi ìwo tẹ́ẹ́rẹ́ orí wọn na ara wọn. Ẹni tó bá borí á máa yé ẹyin, ọpọlọ rẹ̀ á súnkì, ẹ̀mí tí ì bá lò fún nǹkan bí oṣù 7 á gùn tó ọdún 4. Bí àwọn olùwádìí bá yà á sọ́tọ̀ fúngbà díẹ̀ kí wọ́n tó dá a padà sáàárín àwọn tó kù, àwọn èèrà yòókù á dì í mú títí ẹyin fi máa gbẹ nínú rẹ̀. Ọpọlọ rẹ̀ á tún tóbi padà, á sì bá wọn lọ sódẹ.