Ta Ló Ń Gbé Kọ̀ǹpútà Dìde? Láti Ìdí Ṣénjófà Dé Orí F2

Lọ́jọ́ kan báyìí, bàbá tíṣà kan tó ti fẹ̀yìn tì gbé kọ̀ǹpútà wá sí ìsọ̀ mi ní Sábó, ní Ìkòròdú níbí. Ẹnì kan ti bá wọn fi SSD tuntun sí i, ìyẹn dísìkì ìgbàlódé tó yára ju háàdì lọ, wọ́n ti sanwó, wọ́n sì ti fi ayọ̀ gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, háàdì àtijọ́ yẹn náà ló ń dìde, tí á máa kùn gùrùgùrù, tí Windows á máa wọ́ bọ̀ bí ìgbín. "Àbúrò, tuntun ni mo ra, ògbólógbòó ló ń dá mi lóhùn." Mo tẹ F2, mo wọ inú BIOS, ìyẹn ètò tó ń kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ bí wọ́n bá tan kọ̀ǹpútà, mo dé ibi tí wọ́n to àwọn dísìkì sí, mo gbé SSD gun orí háàdì, mo tẹ F10 kó lè gbà á. Kí bàbá tó nu ojú awò wọn tán, Windows ti wọlé.

"Ta ló kọ́kọ́ ronú kan nǹkan tí o ṣe yìí?" ni wọ́n bi mí. Kí n tó lanu, ẹ̀gbọ́n tó ń tún fóònù ṣe ní ìsọ̀ kejì ti gbà á lẹ́nu mi: "Ilé iṣẹ́ IBM ni, 1981, nígbà tí wọ́n gbé PC, kọ̀ǹpútà orí tábìlì wọn, jáde." Ẹ̀gbọ́n mọ fóònù o, kò sírọ́ ńbẹ̀. Ti kọ̀ǹpútà yìí ni wọ́n ṣì, ohun tó sì jẹ́ kí n jókòó kọ èyí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ níbi tí ọ̀rọ̀ ti ta kókó. Kọ̀ǹpútà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn kò mọ nǹkan kan. Ìrántí rẹ̀ ṣófo bí ìsọ̀ tí ọjà ti tú. Ètò ló ń sọ ohun tí yóò ṣe fún un, inú dísìkì ni ètò náà wà, ètò náà ló sì tún yẹ kó lọ gbé ara rẹ̀ wá láti inú dísìkì. Ta ni yóò wá gbé ẹni tó ń gbéni? Àwọn òyìnbó wò ó, wọ́n ní ó dà bí ẹni tó fẹ́ fi okùn bàtà ara rẹ̀ gbé ara rẹ̀ sókè. Bootstrap ni wọ́n ń pe okùn yẹn, awọ róbótó tí wọ́n rán mọ́ ẹ̀yìn bàtà gíga kí wọ́n lè fi fà á wọ ẹsẹ̀. Ẹnu jẹ ẹ́ kù, bootstrap di boot, àwa náà sì gbà á, ó di búùtù. Kò yẹ kí èyí ya ọmọ Ìkòròdú lẹ́nu. Oko Ọ̀dú ni àwọn àgbà ní ìlú yìí ń jẹ́, nítorí ẹ̀fọ́ ọ̀dú tó wà níbẹ̀, ẹnu wá ń pọ́n orúkọ náà títí ó fi di ohun tí a ń pè lónìí. Ọ̀dú tí a ní kì í ṣàìmọ̀ f'olóko, inú orúkọ ìlú ló sá pamọ́ sí, ọ̀pọ̀ ọmọ ìlú ni kò sì dá a mọ̀ níbẹ̀ mọ́. Àwọn kan ní ìpá ni boot túmọ̀ sí, pé bí ẹní ta kọ̀ǹpútà nípàá kó lè dìde ni. Ẹ má dá wọn lóhùn.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, kò sí pé wọ́n ń gbé ètò wọlé rárá. Kọ̀ǹpútà ENIAC tí wọ́n fi han ayé ní Amẹ́ríkà ní 1946, wáyà àti súìṣì ni wọ́n fi ń sọ iṣẹ́ fún un. Bí iṣẹ́ bá yí padà, wọ́n á tú wáyà, wọ́n á tún un so, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ní 1949, kọ̀ǹpútà EDSAC bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Cambridge nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. David Wheeler kọ àṣẹ 31 fún un, wọ́n so àwọn àṣẹ náà mọ́ irú súìṣì tí àwọn onítẹlifóònù ń lò, pé bí wọ́n bá ti tẹ bọ́tìnnì, kí wọ́n lọ ka ètò yòókù láti orí téèpù oníwèé. Bí àwọn ará Cambridge bá ní ọ̀dọ̀ àwọn ni búùtù ti ṣẹ̀, n kò bá wọn jà. Ṣùgbọ́n téèpù yẹn nìkan ni ẹnu ọ̀nà wọn. Ilé tó ní ilẹ̀kùn kan ṣoṣo, ta ló ń bi àlejò léèrè pé ilẹ̀kùn wo lo gbà wọlé?

Ibi tí ìtàn ti dùn mọ́ mi rèé. Ní 1952, IBM kéde ẹ̀rọ kan tí wọ́n pè ní 701. 19 péré ni wọ́n ṣe. Ìrántí rẹ̀ wà nínú ìgò 72 tó dà bíi ti tẹlifíṣọ̀n àtijọ́, gbogbo ohun tí wọ́n sì lè gbà kò ju ọ̀rọ̀ 2,048 lọ. Bọ́tìnnì kan wà lára rẹ̀ tí wọ́n kọ Load sí, súìṣì kan sì wà tí wọ́n ń yí. Yí i sí ibí, ẹ̀rọ yóò ka káàdì oníhò. Yí i sí ọ̀hún, yóò ka téèpù. Tún un yí, yóò ka ìlù. Ìlù ni wọ́n ń pè é lóòótọ́: irin rìbìtì tí wọ́n fi nǹkan olóòfà kùn lára, tó ń pòòyì, tí ọ̀rọ̀ sì wà lára rẹ̀. Àyàn kankan kò lè lù ú, síbẹ̀ ó ń sọ̀rọ̀.

Ẹ wá wo ara ògiri ilé yín. Ṣénjófà tó wà níbẹ̀, tí ẹ ń yí sókè bí NEPA bá mú iná dé, tí ẹ ń yí sísàlẹ̀ bí ẹ bá fẹ́ tan jẹnẹrétọ̀, ohun kan náà ni. Gílóòbù kò yí padà, fáànù kò yí padà; ibi tí iná ti ń wá ni ọwọ́ yín yàn. Ohun tí mo ń sọ láti ọjọ́ yìí nìyẹn: ṣénjófà ni baba ńlá ohun tí mo fi F2 ṣe fún bàbá tíṣà, kò sì sí ẹni tó yẹ kó tètè mọ̀ ọ́n tó àwa ará Ìkòròdú, tí ọmọ ọdún méje wa mọ bí wọ́n ṣe ń yí i.

Ta ló ní kí wọ́n fi súìṣì yẹn sára 701? Èmi kò gbà pé ọ̀jọ̀gbọ́n kan tó jókòó sí ọ́fíìsì ni. Lójú tèmi, ẹni tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ lóru ni, ẹni tí káàdì há mọ́ lọ́wọ́ ní aago méjì òru, tí téèpù wà níwájú rẹ̀ gbagidi tí kò sì lè fi ṣe nǹkan kan. Ẹni tí jẹnẹrétọ̀ ti kú mọ́ lọ́wọ́ rí ló ń mọ ìdí tí orísun kan kò fi tó. Ẹ má sì gbàgbé pé ó ti pẹ́ tí IBM ti ń fi ẹ̀rọ káàdì jẹun. Káàdì ni ìyálé, téèpù ni ìyàwó tuntun. Mo rò pé wọn kò fẹ́ kí oníbàárà kankan ní wọ́n ti ìyálé síta, ni wọ́n bá fi súìṣì parí ìjà: ọ̀dọ̀ ẹni tó bá wù ọ́ ni kó o sùn.

Háàdì fúnra rẹ̀ kò tíì wọ ọ̀rọ̀ yìí. 1956 ni IBM gbé àkọ́kọ́ jáde, RAMAC, àwo 50 nínú àpótí tó wúwo tó tọ́ọ̀nù kan, kò sì gbà ju lẹ́tà mílíọ̀nù 5 lọ. Àwòrán kan ṣoṣo láti inú fóònù ìsinsìnyí lè kún un. Lẹ́yìn náà ni IBM kéde kọ̀ǹpútà System/360, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin 1964. Bọ́tìnnì mẹ́ta tí wọ́n ń yí bíi ti rédíò wà níwájú rẹ̀, ti apá òsì ní ipò 8, méjì yòókù ní ipò 16. Dísìkì kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà bí ilé ṣe ní nọ́ńbà ládùúgbò. O yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sí nọ́ńbà dísìkì tó o fẹ́, o tẹ Load, dísìkì yẹn gan-an ló dìde. Ẹ ò rí i? Háàdì méjì, ọwọ́ kan, ó yan ọ̀kan. Ọdún 17 ṣáájú PC ti ẹ̀gbọ́n. Títí dòní, àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀rọ ńlá IBM ṣì ń dárúkọ nọ́ńbà dísìkì kí wọ́n tó gbé ẹ̀rọ dìde, àfi pé orí kíbọ́ọ̀dù ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ báyìí.

PC ti 1981 wá ńkọ́? Kò ní háàdì rárá. Fulọ́pì, dísìkì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kì bọ ẹnu ẹ̀rọ, tí wọ́n ń pè ní A, ló ń wò. Bí kò bá sí nǹkan níbẹ̀, ó gba ọ̀dọ̀ BASIC, èdè kọ̀ǹpútà tó wà nínú rẹ̀, lọ. Ní 1983, XT, àbúrò PC, dé pẹ̀lú háàdì mẹ́gábáìtì 10 tí wọ́n ń pè ní C, ó di A, lẹ́yìn náà C. Inú ROM ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò sí ẹni tó lè yí i. Bí ìwọ bá gbàgbé fulọ́pì sẹ́nu rẹ̀ lálẹ́, ní àárọ̀ ọjọ́ kejì yóò kọ̀ láti wọlé títí wàá fi yọ ọ́. Ìyẹn kì í ṣe yíyàn, títò sórí ìlà ni. Mo fún ẹ̀gbọ́n ní ìlà yẹn, kí wọ́n mú un.

Yíyàn ṣì wà lọ́wọ́ ẹni tó ní ìmúrun àti súúrù. Nígbà tí irú háàdì tí wọ́n ń pè ní IDE gbòde, ìdérí ike kékeré kan wà lẹ́yìn rẹ̀, kò tó ìdajì èékánná, tí wọ́n ń pè ní jọ́ńpà. Bó o bá fi sí ibì kan, háàdì yẹn di ọ̀gá. Bó o bá sún un, ó di ẹrú. Orúkọ burúkú ni, àmọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára rẹ̀ nìyẹn. Mo ti fi ìmúrun fa jọ́ńpà títí ojú fi ń ta mí, mo sì ti wá ọ̀kan tó já bọ́ lórí símẹ́ńtì fún wákàtí kan. Ṣénjófà kékeré náà ni.

Lára ohun tó mú kí wọ́n dá yíyàn padà sójú kọ̀ǹpútà ni kòkòrò kọ̀ǹpútà, ìyẹn fáírọ́ọ̀sì. Brain jáde ní 1986, láti Lahore ní Pakistan, orí ibi tí búùtù ti ń bẹ̀rẹ̀ nínú fulọ́pì ló ń gbé. Michelangelo tẹ̀lé e, tó da ayé rú ní oṣù kẹta 1992. Bí fulọ́pì ẹlòmíì tó ní kòkòrò bá wà lẹ́nu kọ̀ǹpútà rẹ lásìkò tó o tàn án, o ti kó o. Àwọn tó ń ṣe BIOS wá fi àyè sílẹ̀ kí C lè ṣáájú A. Inú ìrántí kékeré tí bátìrì ń gbé ró ni yíyàn yẹn ń wà, irú èyí tó ti bá PC AT wọlé ní 1984. Bí bátìrì náà bá kú, kọ̀ǹpútà á gbàgbé ọjọ́, á gbàgbé aago, á sì gbàgbé ẹni tó yẹ kó ṣáájú. Níbi tí ẹ̀rọ kì í fi í rí iná fún ọ̀sẹ̀ méjì, bátìrì yẹn kì í pẹ́. Mo ní páálí CR2032, irú bátìrì náà, kan lábẹ́ tábìlì.

Ìyókù kò gùn. Ìlànà kan tí wọ́n pè ní El Torito mú síìdì wọ inú ìlà ní 1995. Ní 1996, àwọn ilé iṣẹ́ Compaq, Phoenix àti Intel fẹnu kò lórí bí wọn yóò ṣe máa to gbogbo dísìkì. UEFI, tó rọ́pò BIOS, dé lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ tó ń bójú tó o bẹ̀rẹ̀ ní 2005. Lábẹ́ tiẹ̀, ètò tó wà lórí dísìkì ni wọ́n sábà ń dárúkọ lórí ìlà, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ní dísìkì méjì fi lè rí Windows Boot Manager lẹ́ẹ̀mejì tí kò ní mọ èwo ni èwo.

Bí ó ṣe rí nínú kọ̀ǹpútà bàbá tíṣà nìyẹn. Wọ́n ní kí n má yọ háàdì àtijọ́ náà o, àwòrán ìgbéyàwó àkọ́bí wọn wà nínú rẹ̀. Mo fi í sí ipò kejì, mo fi bátìrì tuntun sí kọ̀ǹpútà náà, mo gba owó bátìrì nìkan.