Kí ló gbé onígìtá jáàsì dé ìdí orin pop?

Sítúdíò kékeré kan ni mo ní ní ìhà Ìbarà, ní Abẹ́òkúta: yàrá méjì tí mo fi fóòmù àti àdìrẹ Ìtòkú bo ògiri wọn. Ó tó ọdún kan tí ọmọkùnrin kan tó ń ta gìtá jáàsì ti ń wá síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni. Ṣọ́ọ̀ṣì ló ti kọ́ gìtá, orí fóònù ló ti kọ́ jáàsì. Ní báyìí, orin ló ń kọ fún àwọn olórin ìgbàlódé, ó sì tún ń ṣe pródúsà fún wọn. Ọ̀rọ̀ náà ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ìyá rẹ̀ bi mí, olórí akọrin wọn bi mí, àwọn onígìtá ẹgbẹ́ rẹ̀ náà kò dákẹ́. Mo kó ìbéèrè wọn jọ síbí.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé jáàsì ni kò mówó wá ló ṣe sá lọ?

Owó wà níbẹ̀, n kò ní purọ́. Ní ìlú yìí, onígìtá jáàsì kò níbi tó ń lọ ju òtẹ́ẹ̀lì mélòó kan, òde ìyàwó àti ṣọ́ọ̀ṣì. Lóde ìyàwó gan-an, bó bá ta jáàsì ju orin méjì lọ, ẹnì kan á ti wá sọ sí i létí pé àwọn ìyá ìyàwó fẹ́ jó. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ torí owó nìkan ni, kíbọ́ọ̀dù ni ì bá kọ́, nítorí oníkíbọ́ọ̀dù ni àwọn ṣọ́ọ̀ṣì ń fi ojú méjèèjì wá. Ohun tí mo rí lára ọmọ yìí ni pé odindi orin ló máa ń gbọ́ nínú orí rẹ̀, tìlù, tohùn, tègbè. Gìtá kan ṣoṣo kò lè gbé gbogbo ìyẹn.

Kí tiẹ̀ ni pródúsà ń ṣe? Ṣé òun ló ń tẹ bíìtì ni?

Títẹ bíìtì wà lára rẹ̀. Òun ló ń pinnu bí orin ṣe máa dún látòkè délẹ̀: ìlù wo ló máa ṣíwájú, ìgbà wo ni béèsì, ohùn ìsàlẹ̀, máa wọlé, ohùn wo la máa tún gbà, kí la máa yọ dànù. Ẹni tó ń kọ orin ní tirẹ̀ ló ń wá ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹnì kan náà ló sábà máa ń ṣe méjèèjì, òun náà ló sì ń rọ epo sí jẹnẹrétọ̀.

Kí ló ṣòro fún un jù?

Dídákẹ́ ni. Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, ọmọbìnrin olórin kan ti fi hẹ́dífóònù sétí, ó ń retí. Mo ní kí onígìtá bá wa ta nǹkan díẹ̀ sábẹ́ ohùn rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ ń sáré bí ọmọ tí òjò ń lé bọ̀ láti ọjà. Ibi tí kọ́ọ̀dù méjì (ìyẹn àwọn nóòtì tí a ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà) tó, mẹ́jọ ló kó sí i. Olórin gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì láti wọlé, kò rí ojúlé. Ó yọ hẹ́dífóònù, ó ní, “Bọ̀dá, ẹ ti sọ̀rọ̀ tán. Kí ni kí n wá sọ?”

Kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń kọ́ jáàsì nìyẹn: ìrìn àjò ni kọ́ọ̀dù. O kúrò ní kọ́ọ̀dù D mínọ̀, o gba G kọjá, o gúnlẹ̀ sí C, bó o bá sì ti gbówọ́, o lè yọ G yẹn kúrò kó o fi D fúláàtì rọ́pò rẹ̀, kí ẹni tó mọ̀ ọ́n rẹ́rìn-ín músẹ́. Orin pop kì í rìn báyẹn. C, G, A mínọ̀, F, wọ́n á máa yí po láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin bí ọmọ tó ń ṣeré yí ilé ká. Bí kọ́ọ̀dù kò bá rìnnà, nǹkan mìíràn ló gbọ́dọ̀ rìn: ohùn olórin, ìlù, tàbí àlàfo tí a fi sílẹ̀.

Ó mú un tó oṣù mẹ́ta kó tó yé e. Nígbà tó yé e, kò ju jáàsì nù o. Ó yọ nóòtì ìsàlẹ̀ kúrò nínú kọ́ọ̀dù rẹ̀, nítorí béèsì ti wà níbẹ̀. Okùn mẹ́ta òkè ló kù, nóòtì mẹ́ta péré, ó ń gé wọn kúrú kúrú sí àárín ìlù. Ẹni tí kò mọ̀ á ní ọmọ yìí kò ta nǹkan kan. Bẹ́ẹ̀, títa ibẹ̀ ti tó.

Nǹkan mìíràn tún wà tó ń lé wọn léré. Lórí Spotify, ìkànnì tí àwọn èèyàn ti ń gbọ́ orin, wọn kì í ka orin sí èyí tí wọ́n gbọ́ àfi bó bá pé ìṣẹ́jú àáyá 30. Onígìtá tó bá fi ogójì ìṣẹ́jú àáyá ta ìbẹ̀rẹ̀ orin ń bá ara rẹ̀ ṣeré ni.

Ṣé àwọn àgbà ti ṣe irú ẹ̀ rí, àbí ojú ayé ni?

Wọ́n ti ṣe é. George Benson, onígìtá jáàsì ará Amẹ́ríkà, gbé àwo Breezin' jáde lọ́dún 1976, ó sì di nọ́ńbà kìíní lórí àtẹ àwo pop níbẹ̀. Jáàsì ni Nile Rodgers náà fi kọ́ gìtá kó tó dá ẹgbẹ́ Chic sílẹ̀. Òun àti David Bowie ló jọ ṣe pródúsà àwo Let's Dance ti Bowie lọ́dún 1983, Rodgers sì ṣe àwo Like a Virgin fún Madonna lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ẹ fetí sí gìtá rẹ̀ dáadáa: kúkúrú ni, gígé ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tó jẹ́ òkè òkun la kọ́kọ́ ń wò? Fela, tí wọ́n bí ní Abẹ́òkúta níbí lọ́dún 1938, lọ kọ́ orin ní London lọ́dún 1958, ó da jáàsì pọ̀ mọ́ highlife pẹ̀lú ẹgbẹ́ rẹ̀, Koola Lobitos, kó tó dé ìdí Afrobeat. Ẹ tún wo àwọn onígìtá jùjú, irú èyí tí Ebenezer Obey ọmọ Ẹ̀gbá fi ń jọba lóde àríyá. Gìtá mẹ́ta mẹ́rin lè wà nínú ẹgbẹ́ kan, kálukú á di nǹkan kékeré kan mú, á máa ta á léraléra, kò ní kúrò níbẹ̀, ọ̀kan á máa dí àlàfo èkejì. Ohun tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń fi kọ̀ǹpútà gé tí wọ́n ń lẹ̀ pọ̀ nìyẹn gan-an. Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó lọ jókòó ti bàbá onígìtá jùjú kan fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ó kọ́kọ́ fà sẹ́yìn. Nígbà tó dé, ó ní ọrùn ọwọ́ bàbá yẹn kò rẹ̀ ẹ́ fún wákàtí mẹ́rin.

Ó mọ kọ́ọ̀dù, a gbà. Kí ló wá dé tí orin Yorùbá tó kọ́kọ́ kọ fi pa wá lẹ́rìn-ín?

Nítorí orin ti wà nínú ọ̀rọ̀ Yorùbá kí olórin tó dé. Dò, re, mí tí wọ́n fi kọ́ wa nílé ìwé náà ni. Ẹni tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin lè kọ́kọ́ wá ohùn tó dùn, kó tó wá ọ̀rọ̀ lé e. Dán an wò pẹ̀lú Yorùbá, wàhálà dé.

Ègbè tó gbé wá bá mi, ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń lówó ni: “Mo ra ọkọ̀.” Lẹ́nu wa, “mo rọkọ̀” ni, re, re, dò. Ṣùgbọ́n ó ti to kọ́ọ̀dù rẹ̀ sílẹ̀, kọ́ọ̀dù náà sì ń fà á lọ sókè ní ìparí: re, re, mí. Ó di “mo rọkọ́.” Ọmọ olówó wọ dígí dúdú, ó ń yangàn lórí bíìtì pé òun ra ọkọ́! Ọmọ tó ń bá mi gbálẹ̀ ló kọ́kọ́ bú sẹ́rìn-ín: “Ẹ̀gbọ́n, oko wo lẹ fẹ́ lọ ro?”

Mo ní kó gbé gìtá sílẹ̀, kó sọ ọ̀rọ̀ náà bí ìgbà tó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ ní gáréèjì. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, a gbà á sílẹ̀. Ohùn já sílẹ̀ ní ìparí bó ṣe yẹ. Ó wá gbé gìtá, ó ń wá kọ́ọ̀dù tó máa gba ìjásílẹ̀ yẹn mọ́ra kí orin má bàa rọ̀. Ibí ni jáàsì ti wúlò fún un ju ibikíbi lọ. Onígìtá jáàsì mọ̀ pé nóòtì kan náà lè jókòó lórí kọ́ọ̀dù márùn-ún, kó dùn bí ẹkún lórí ọ̀kan, kó dùn bí ẹ̀rín lórí èkejì. Ọ̀rọ̀ kò yí padà, ohùn kò yí padà. Abẹ́ rẹ̀ ló yí.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ òní ní ìlú yìí. Nígbà tí àwọn ìjọ túmọ̀ orin mímọ́ sí Yorùbá, ohùn Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń kọ ọ́, ọ̀rọ̀ sì ń wọ́. Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti, ọmọ Ẹ̀gbá, bàbá bàbá Fela, gba ọ̀nà mìíràn: ohùn ìbílẹ̀ ló fi kọrin ìhìnrere, ó sì lọ gba orin rẹ̀ sílẹ̀ ní London lọ́dún 1922 fún ilé iṣẹ́ àwo orin Zonophone.

Ta ló ni orin bí ẹni mẹ́ta bá jọ ṣe é?

Ẹ̀tọ́ méjì ló wà nínú orin kan, ọ̀pọ̀ ọmọ kò sì mọ̀ ju ọ̀kan lọ. Ọ̀kan jẹ́ ti orin fúnra rẹ̀, ìyẹn ọ̀rọ̀ àti ohùn. Èkejì jẹ́ ti ohun tí a gbà sílẹ̀. Ẹni tó kọ ègbè lè má ní nǹkan kan nínú èkejì, síbẹ̀ kí ó ní ìpín nínú èkíní. Òfin Nàìjíríà tí Ààrẹ buwọ́ lù lọ́dún 2023 sọ pé ẹ̀tọ́ ẹni tó kọ orin wà títí di ọdún 70 lẹ́yìn ikú rẹ̀, àti pé kò sí gbígbé ẹ̀tọ́ náà fún ẹlòmíràn láìsí ìwé. Ẹgbẹ́ MCSN (Musical Copyright Society Nigeria) ló ń gba owó fún àwọn tó kọ orin lọ́wọ́ rédíò, òtẹ́ẹ̀lì àti àwọn bẹ́ẹ̀.

Èmi náà ti jìyà rẹ̀. Olórin kan gba bíìtì lọ́wọ́ mi, ó kó ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì náírà lé mi lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, tí orin bá jáde, a ó ríra.” Orin jáde. Inú ọkọ̀ akérò ni mo ti gbọ́ ọ. Títí dòní, a ò tíì ríra. Láti ọjọ́ náà, kí n tó pa kọ̀ǹpútà, ìwé kan gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì: orúkọ kálukú, ohun tó ṣe, ìpín rẹ̀ nínú ọgọ́rùn-ún, ọjọ́, ìbuwọ́lù.

Ṣé kò ní kó lọ sí Èkó báyìí?

Kò pọn dandan. Íntánẹ́ẹ̀tì ló fi ń fi gìtá rẹ̀ ránṣẹ́. Bí àwọn olórin Èkó bá fẹ́ rí i lójúkojú, á wọ rélùwéè ní ibùdó Wole Soyinka ní Láderin. Ìṣòro rẹ̀ ni iná. Gìtá rẹ̀ máa ń gba híhùn jẹnẹrétọ̀ mọ́ra, nítorí náà òru ló ń gbà á sílẹ̀, nígbà tí gbogbo àdúgbò bá ti pa tiwọn.

Ṣé ó ṣì ń ta jáàsì?

Láàárọ̀ Sátidé, kí àwọn olórin tó dé. N kì í tan ẹ̀rọ. Ìyá rẹ̀ gbé oúnjẹ wá níjọ́ kan, ó bá a lórí ẹ̀, ó rọra jókòó sórí àpótí. Nígbà tó ta tán, ìyá ní, “Èyí tó o ta yìí, ta lo kọ ọ́ fún?”

“Kò sẹ́ni kan o, Màámi.”

“Ó dáa. Tún un ta.”