Fítámìn E àti èéfín inú ọpọlọ

Obìnrin kan wá sí ilé oògùn wa, ó ní, “Dókítà, ẹ bá mi wá fítámìn E tó lágbára jù.” (Gbogbo àwa tó ń ta oògùn ni wọ́n ń pè ní dókítà.) Màmá rẹ̀ ti ń ṣìnà láti ọjà bọ̀ wálé, ọjà tí wọ́n ti ń ná láti bí 40 ọdún. Ẹnì kan ti wí fún un pé ọpọlọ màmá ló ń dógùn-ún, fítámìn E ló sì ń ṣí i kúrò.

Onítọ̀hún kò kúkú purọ́ tán.

Ẹ wo iṣu tí a bó tí a kò tètè rì sómi. Ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ ló ń bá a jà tó fi ń dúdú. Ọ́síjìn yìí kan náà la fi ń wà láàyè, ọpọlọ sì ni ọ̀kánjúwà rẹ̀: kò ju nǹkan bí ìdá 2 nínú 100 ìwúwo ara lọ, síbẹ̀ òun nìkan ń lo nǹkan bí ìdá 20 nínú 100 ọ́síjìn tí ara ń lò. Nínú àwọn sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ ni jẹnẹrétọ̀ tín-ín-tìn-ín wà, mitochondria ni wọ́n ń jẹ́, tí ń fi ọ́síjìn sọ oúnjẹ di agbára. Kò sí jẹnẹrétọ̀ tí kì í rú èéfín. Èéfín tiwọn ni àwọn èròjà jàǹdùkú tó ń ba purotéènì àti DNA jẹ́, tó sì ń ba ọ̀rá ọpọlọ jẹ́ bí òróró tí a kò dé. Ara ní àwọn agbálẹ̀ tó ń gbá wọn kúrò, fítámìn E sì wà lára wọn. Bí ọjọ́ orí bá ti ń gòkè, jẹnẹrétọ̀ á máa rú sí i, àárẹ̀ á sì máa mú àwọn agbálẹ̀.

Nínú àìsàn ìgbàgbé tí Alois Alzheimer, dókítà ará Jámánì, kọ́kọ́ ṣàlàyé ní 1906, èéfín yìí máa ń pọ̀ kọjá ti ogbó lásán. Purotéènì amyloid tó ń dì pọ̀ nínú ọpọlọ ń dá kún èéfín, èéfín náà ń dá kún amyloid.

Ǹjẹ́ fítámìn E lè gbá èéfín yìí kúrò? Ní 2014, èsì ìwádìí kan jáde ní Amẹ́ríkà lórí àwọn ológun àtijọ́ 613 tí Alzheimer wọn kò tíì le púpọ̀. Àwọn tó lo yúníìtì 2000 lójúmọ́ pẹ́ díẹ̀ kí wíwẹ̀ àti wíwọṣọ tó ni wọ́n lára. Ìrántí wọn kò yàtọ̀ sí ti àwọn tí kò lò ó. Nígbà tí wọ́n sì fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkùnrin tí ara wọn le láti fi ṣèdènà, èsì ọdún 2017 fi hàn pé kò dènà ìgbàgbé. Yúníìtì 400 lójúmọ́ ti fi kún jẹjẹrẹ próstéètì nínú ìwádìí mìíràn ní 2011. Ẹni tó bá ń lò ó pẹ̀lú warfarin, oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ lè máa dà lára rẹ̀ láìdá. Lójú tèmi, nígbà tí ìgbàgbé bá fi máa hàn síta, iná ti ń jó lábẹ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Mo wá bi í pé oògùn wo ni màmá ń lò. Ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ, àti Piriton lálaalẹ́ kí wọ́n lè rí oorun sùn. Mo kàwọ́ lérí! Piriton máa ń dínà èròjà kan tí ọpọlọ fi ń rántí nǹkan, èyí tí Alzheimer fúnra rẹ̀ ń gbẹ.

N kò ta fítámìn kankan fún un. Mo kọ orúkọ gbogbo oògùn màmá sínú ìwé pélébé kó mú un lọ bá dókítà, pé kí wọ́n yẹ fítámìn B12 àti tairọ́ọ̀dù (ẹ̀yà ara kan ní ọrùn) wọn wò, torí ìṣòro wọn náà lè fa ìgbàgbé. Piriton ni mo kọ sókè pátápátá, mo sì fa ìlà méjì sí i nídìí.