Ẹni Tó Kọ́kọ́ Dé Kọ́ Ló Yẹ Ká Kọ́kọ́ Wò

Ní ilé ìwòsàn tí èèyàn kàn ń rìn wọ̀ láìgba àkókò sílẹ̀, yálà ti ìjọba ìbílẹ̀ ni o, àbí ti aládàáni tó wà ládùúgbò, ìlà la fi ń ṣe é. Ẹni tó bá dé láago méje ló ni nọ́ńbà 1, ẹni tó tẹ̀ lé e ló ni 2. Kò sí ìjà níbẹ̀. Àmọ́ àìsàn kì í tò sórí ìlà. Pẹ̀lú ohun tí ojú mi ti rí nídìí iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, ewu tó pọ̀ jù ń bẹ níbi tí aláìsàn ti ń jókòó lórí bẹ́ńṣì, kó tó fojú kan dókítà rárá. Ibẹ̀ náà la sì ti lè ṣe àtúnṣe láìná owó gọbọi.

Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ ló yẹ kó wà lẹ́nu ọ̀nà, kì í ṣe ẹni tó ń gba owó káàdì nìkan. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó wo ojú gbogbo ẹni tó bá wọlé, kó wọn ooru ara àti ìfúnpá, kó sì mọ ẹni tí kò gbọdọ̀ dúró. Ọmọ tó ń ké kíkankíkan kì í bà mí lẹ́rù tó èyí tó dákẹ́ lẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ìyá á ní, "Ó ti sùn o, nọ́ọ̀sì, ẹ má jí i." A máa jí i. A máa tú ọ̀já, ká ká aṣọ rẹ̀ sókè, ká wo àyà àti ikùn rẹ̀ bó ṣe ń mí fún odindi ìṣẹ́jú kan, aago lọ́wọ́ wa. Ọmọ oṣù méjì sí mọ́kànlá tó bá mí tó ìgbà 50 ní ìṣẹ́jú kan, tàbí ọmọ ọdún kan tí kò tíì pé ọdún márùn-ún tó mí tó 40, ìmí rẹ̀ ti yá jù. Ó lè jẹ́ òtútù àyà. Bí abẹ́ ìhà rẹ̀ bá tún ń wọnú bó ṣe ń mí, a kì í bèèrè káàdì mọ́. Bákan náà ni ọmọ tí kò lè mu ọmú, tó ń bì gbogbo ohun tó bá jẹ, tí gìrì ti mú, tàbí tí a jí tí kò jí dáadáa.

Àgbà náà ní tiwọn: àyà tó ń fún pinpin, ẹnu tó ṣàdédé yí, apá kan tó kọ̀ tí ò gbé sókè, aboyún tí orí ń fọ́ tí ojú rẹ̀ sì ń ṣú.

Ìṣòro ibẹ̀ ni bàbá tó ti jókòó láti àárọ̀ tó wá rí i pé wọ́n gbé ọmọ ẹ̀yìn-ẹ̀yìn kọjá lórí òun. Ẹ bá wọn sọ̀rọ̀ kí inú tó bí wọn: "Bàbá, ẹ dákun, ọmọ yìí ò rí èémí mí dáadáa. Ẹ̀yin lẹ kàn lẹ́yìn ẹ̀." Àwọn bàbá yìí gan-an ló máa ń la ọ̀nà fún wa. Àwọn tí a ò sọ nǹkan kan fún ló ń bínú.

Ọ̀rọ̀ orúkọ ló kàn. Ilẹ̀ Yorùbá là ń gbé, ìbejì pọ̀ nílẹ̀ wa. Táíwò àti Kẹ́hìndé lè jọ wá lọ́jọ́ kan náà: ìyá kan, ojúlé kan, ọjọ́ ìbí kan, káàdì wọn sì wà lórí ara wọn. Ibà ló ń ṣe ọ̀kan, ikọ́ ló ń ṣe èkejì. Bí nọ́ọ̀sì bá ní, "Táíwò nìyí, àbí?", ìyá tí ò sùn mọ́jú á ní bẹ́ẹ̀ ni, láìwo ẹ̀yìn. "Kí lorúkọ ọmọ tẹ́ ẹ gbé dání yìí?" ni ká máa bèèrè, kí òògùn tó kan ẹnu. Ká sì gbé ọmọ sórí ìwọ̀n lọ́jọ́ yẹn gan-an. Nínú hóró òògùn ibà tí wọ́n ń pè ní artemether-lumefantrine, onímílígíráàmù 20/120, ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan ni ọmọ kìlógíráàmù 14 ń lò. Ọmọ kìlógíráàmù 16 ń lo méjì. Ojú lásán ò lè mọ ìyàtọ̀ yẹn.

Láti ọdún 2010 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ti ní ká máa yẹ ẹ̀jẹ̀ ẹni tí a fura pé ó ní ibà wò ká tó fún un lóògùn. Ẹ̀jẹ̀ tín-ń-tín láti orí ìka, nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 sí 20, èsì ti dé. Síbẹ̀ àwọn èèyàn á wọlé pé, "Ibà àti taifọ́ọ̀dù ni, ẹ sáà gún mi lábẹ́rẹ́, kẹ́ ẹ fa omi sí mi lára." Ilé ìwòsàn tó bá gbà fún wọn kí oníbàárà má baà lọ síbòmíràn, ó ń ta ewu fún wọn ni. Ní oṣù Keje ọdún 2014, ibà ni wọ́n kọ́kọ́ rò pé ó ń ṣe aláìsàn kan tó wá láti Làìbéríà, tí wọ́n gbé lọ sílé ìwòsàn kan l'Ékòó. Dókítà Ameyo Stella Adadevoh tún un yẹ̀ wò, ó fura sí Ebola, ó sì kọ̀ jálẹ̀ pé ọkùnrin náà ò ní jáde. Èèyàn 20 ni àrùn náà mú ní Nàìjíríà, mẹ́jọ kú, dókítà náà sì wà lára wọn. Ní ogúnjọ́ oṣù Kẹwàá ọdún yẹn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé Ebola ti kásẹ̀ nílẹ̀ wa. Títún aláìsàn wò lẹ́ẹ̀kejì ló gba ọ̀pọ̀ wa là.

Ẹ̀yin aláìsàn náà, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n tú sírínjì lójú yín, kí ẹni tó fẹ́ gún yín sì fọ ọwọ́ ná. Ẹ sọ òògùn tí ara yín kì í gbà, ẹ sì dárúkọ àgbo tẹ́ ẹ mu láàárọ̀. A ò ní bú yín, a fẹ́ mọ ohun tó ti wà nínú yín tẹ́lẹ̀ ni. Bí abẹ́rẹ́ àjẹsára lẹ wá gbà, ẹ lè bèèrè ìwé tí wọ́n ń kọ ooru fíríìjì sí láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́: láàárín 2 sí 8 lórí ìwọ̀n Celsius ló gbọ́dọ̀ wà, iná ìbáà lọ.

Kẹ́ ẹ tó kúrò, ẹ bèèrè ohun tó gbọ́dọ̀ gbé yín padà wá kí ọjọ́ tí wọ́n dá tó pé, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà fóònù tí ẹnìkan máa gbé lóru. Bí ọmọ bá kọ ọmú, tàbí gìrì mú un láago méjì òru, ẹ má dúró kílẹ̀ mọ́.